Bẹ́ẹ̀lì Bẹ́ẹ̀dì Kọkàndínlógún

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé ẹ̀, bọ́tìnì mi ló parẹ́ mọ́ mi lójú.

Ọjọ́ kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Yàrá méjì là ń lò lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlẹ́táyà, a ò ju mẹ́fà lọ, ètò kọ̀ǹpútà là ń kọ fún ẹni tó bá gbéṣẹ́ wá. Wọ́n ní kí n ṣe fèrèsé kan sójú kọ̀ǹpútà, kí n fi bọ́tìnì kan sínú ẹ̀, tí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì, kí fèrèsé pa dé. Mo ṣe é. Mo tẹ̀ ẹ́. Fèrèsé dúró gbọn-in síbẹ̀, bọ́tìnì ló lọ.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bọ́tìnì yẹn pa ara ẹ̀ rẹ́, fèrèsé sì ń wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

"Ìyá Bọ́tìnì, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo lẹ wá kó bọ́tìnì lọ?"

"Mi ò kó o lọ síbì kankan. Òun ló lọ."

"Kò lọ. Ẹ̀yin lẹ pa á."

Ó fa àga, ó jókòó láì bi mí bóyá mo fẹ́ kó jókòó.

"Wò ó," ó ní, "bọ́tìnì ò mọ̀ ẹ́, kò sì mọ fèrèsé. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kó pariwo pé wọ́n ti tẹ òun. Ìwọ lo wá fi iṣẹ́ kan ṣọ́ ariwo yẹn. Tí ariwo bá ti dún, iṣẹ́ yẹn á dìde, wọ́n á sì kó nǹkan méjì lé e lọ́wọ́. Ẹni tó pariwo ló ń ṣíwájú. Ohun tí ìwọ fi ránṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé e."

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ tí o fi ṣọ́ ọ, iṣẹ́ ìparẹ́ ni. Kò lójú. Kì í bi èèyàn lórúkọ. Ẹni tó bá wà nípò kìíní ló ń pa rẹ́. O rò pé fèrèsé lo ní kó pa, àmọ́ bọ́tìnì tó pariwo ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́."

Ó ní ìso méjì ló wà tí a fi ń so ariwo mọ́ iṣẹ́. Ìso gbọọrọ, èyí tí mo lò, ń gbé ẹni tó pariwo síwájú. Ìso yíyí ń tì í sẹ́yìn, ó ń gbé ohun tí a fi ránṣẹ́ síwájú. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà láàárín wọn. Ó nawọ́ kọjá èjìká mi, ó fi ọ̀rọ̀ kan náà kún ìlà mi. Mo tẹ bọ́tìnì, fèrèsé pa dé.

"Ṣé ẹni tó ké sí wọn ni wọ́n wá pa yẹn?" ni mo bi í. "Ìyẹn ò dáa."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ ohun tó dáa. Ẹni tó ṣíwájú ló mọ̀."

Gbogbo wọn ló ń pè é ní Fèrèsé, torí òun ló ń ṣe ojú gbogbo ètò wa. Ọ̀gá pàápàá ò pe orúkọ ẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn èmi náà di Ìyá Bọ́tìnì. Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ tí kò bá pè mí bẹ́ẹ̀, inú mi kì í dùn.

Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí n má baà máa fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń gé búrẹ́dì ẹ̀ sí méjì kó tó bi mí bóyá ebi ń pa mí. Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ mi wò láìsọ pé ó burú; á kàn fi ìka kan kan ojú kọ̀ǹpútà, á ní, "Ọkàn mi, ta ló ṣíwájú níbí?" Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bọ́tìnì, ó mú òrùka jáde lápò lórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́, àwọn ẹlẹ́táyà ń wò wá.

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ," ó ní. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Wo ẹnu ẹ. Láti àárọ̀ lo ti ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn."

"Ìdáhùn kọ́ nìyẹn, olólùfẹ́ mi."

"Mo gbà. Ó ti tó, wọ́n ń wò wá."

Bàbá mi gbà fún un lọ́wọ́ kan. Káfíńtà ni bàbá mi, fèrèsé àti ilẹ̀kùn ló fi gbogbo ayé ẹ̀ kàn. Nígbà tó gbọ́ ìnagijẹ ọkọ àfẹ́sọ́nà mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Fèrèsé tìẹ yẹn, ṣé atẹ́gùn máa ń gbabẹ̀ wọlé?"

"Rárá, bàbá," ni Fèrèsé dá a lóhùn. "Àmọ́ ẹ̀fọn náà ò lè gbabẹ̀."

"Ìyẹn náà dáa. Jókòó, ọmọ mi."

Ìyá mi ni kò gbà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe tíṣà, kò sẹ́ni tí kì í wò bí ẹni tó ń jí iṣẹ́ ọmọ ìjókòó ẹ̀ wò. "Ẹ̀rín ẹ̀ pọ̀ jù," ló sọ nígbà tí Fèrèsé lọ tán. "Mi ò rò pé ọmọ yẹn máa ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì." Ìyá tiẹ̀ náà fà sẹ́yìn. Télọ̀ ni, opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń ronú kó tó ní kí n wá kí òun. Ọjọ́ Ẹtì kan ló dá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Mo ra aṣọ tuntun nítorí ọjọ́ yẹn, aláwọ̀ ewé. Mo rántí bó ṣe dì mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Mo rántí pé Fèrèsé fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́ta kọjá, tó ń sọ pé, "Jẹ́ ká máa lọ, màmá ò fẹ́ràn ẹni tó bá pẹ́." Iṣẹ́ tí ọwọ́ mi ń ṣe nígbà náà, mi ò rántí. Ẹ fìyẹn sọ́kàn fún mi.

Ilé ìwòsàn kan ló gbé iṣẹ́ wá fún wa nígbà yẹn. Ogójì bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ní, wọ́n fẹ́ kí aláìsàn lè tẹ bẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, kí nọ́ọ̀sì rí i lójú kọ̀ǹpútà. A ya ogójì bẹ́ẹ̀lì sójú fèrèsé kan lórí kọ̀ǹpútà nọ́ọ̀sì. Tí aláìsàn bá tẹ bẹ́ẹ̀lì, káàdì pupa kan á yọ, nọ́ọ̀sì á fọwọ́ kan àwòrán bẹ́ẹ̀lì náà pé òun ń bọ̀, káàdì pupa á sì parẹ́. A dán an wò kó tó lọ. Gbogbo ogójì bẹ́ẹ̀lì la tẹ̀, ó dáhùn, a ṣàmì sí i, a kọjá sí òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré la tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sẹ̀ tí ilé ìwòsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, bàbá mi jábọ́ lórí àkàbà, egungun itan ẹ̀ ṣẹ́. Ìyá mi fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa. Èmi ni mo kọ̀.

"Ibi tí bẹ́ẹ̀lì wa wà ni kí wọ́n gbé e lọ," ni mo wí. "Kò ní sí pé ó ń pe nọ́ọ̀sì tí wọn ò gbọ́."

Bẹ́ẹ̀dì kọkàndínlógún ni wọ́n fún un. Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta mo jókòó tì í, mo mú bẹ́ẹ̀lì lé e lọ́wọ́, orí mi wú bí ẹni tó bí ìbejì.

"Bàbá, tí ẹ bá ti tẹ èyí, wọ́n á dé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n wá ṣe fún mi, màmá mi?" Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn.

"Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan, nọ́ọ̀sì kan dé. Bàbá mi sọ fún un pé òun kàn fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun hàn án ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹnu kò ó níwájú orí, mo lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ó fẹ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ó tẹ bẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ogún ló sọ fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé ọmọ òun ló ṣe é, wọ́n ń bọ̀. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin náà fẹ́ tẹ tiẹ̀, bàbá mi ní kó fi sílẹ̀, pé tòun ti tó. Ọ̀rọ̀ mi ló gbà gbọ́. Ó dúró dè wọ́n fún ogójì ìṣẹ́jú, ó wá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ṣubú, orí ẹ̀ ló fi gbá irin bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ti sin ín tán kí ọ̀gá wa tó pè wá jọ. Ó ní wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ìlà kan nínú ètò bẹ́ẹ̀lì, ìso gbọọrọ ló wà níbi tó yẹ kí ìso yíyí wà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀lì gan-an ló ń parẹ́. Káàdì pupa a máa kúrò fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi fura. Bẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà kò sí mọ́ títí wọ́n á fi tún kọ̀ǹpútà tàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgbà tí bàbá mi tẹ̀ ẹ́ láti mú inú mi dùn, ìgbà yẹn ló lo ẹ̀ẹ̀kan tiẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá tó máa ń kọ orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀gá tó ṣí i, Fèrèsé dìde.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ó ní.

Ọ̀gá ṣí i. Orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá mi lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀. Mo bọ́ òrùka, mo gbé e lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìwọ lo kọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ni mo wí. "Ìwọ lo sọ fún mi ẹni tó ń ṣíwájú. Ìwọ fúnra ẹ ò wá rántí."

"Jọ̀ọ́, ìfẹ́ mi."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé o mọ̀yẹn?"

"Mo mọ̀."

"Ìwọ náà á pe èèyàn láyé ẹ. Wàá pè, wàá pè, ẹnikẹ́ni ò ní dá ẹ lóhùn."

Ìyá ẹ̀ dìde pẹ̀lú ìbínú, ó la ẹnu. Fèrèsé di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan." Mo rò pé kò fẹ́ kó bú wa ni. Ìyá mi ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ẹ̀rín ẹ̀ pọ̀ jù," a sì bá tiwa lọ.

Ó pè mí lórí fóònù láràárọ̀ aago méje fún oṣù kan. Mi ò gbé e. Mo máa ń gbé fóònù náà sórí tábìlì kí n lè máa wo bí iná ẹ̀ ṣe ń tàn tó sì ń kú. Mo gbádùn ẹ̀, mi ò ní parọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo kà. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó tún gbà á, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń rí i pé wọn ò gbà á. Tí wọ́n bá bi mí léèrè ẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ pátá.

Ọdún méje kọjá. Mo kọ gbogbo ẹni tó wá fẹ́ mi. Láràárọ̀ ni ìyá mi máa ń gbàdúrà kó tó jẹun, kò sì gbàgbé ọ̀kan rí. Kò pe orúkọ Fèrèsé, ó ní kò ní wọ ẹnu òun nínú ilé ọkọ òun. Ohun tó máa ń sọ nìyí: "Ẹni tó kọ nǹkan tó pa ọkọ mi, Ọlọ́run, má jẹ́ kó rí ìsinmi. Má jẹ́ kó gbé ọmọ ara ẹ̀ jó." Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe àmín, mo sì máa ń fi gbogbo ẹnu ṣe é.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun fẹ́ tẹ fọ́tò bàbá wa kó tóbi. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ sílẹ̀, mo wá fọ́tò náà títí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀dà iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn, èyí tí mo gbé wálé láti parí ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ó wà.

Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣí i. Mo fẹ́ rí ìlà yẹn, kí n lè bínú dáadáa. Mo rí i. Ìso gbọọrọ ni. Orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, orúkọ tèmi ni. Ọjọ́ Ẹtì aṣọ aláwọ̀ ewé, aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Lábẹ́ ẹ̀, Fèrèsé kọ ọ́ pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dáa.

Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá níbi iṣẹ́. Ó ti yí orúkọ padà níbẹ̀ kí ọ̀gá tó pè wá. Ẹ̀dà ilé mi ni kò dé.

Mi ò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n pa fáìlì náà rẹ́ kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo pa á rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ìyá ẹ̀ gbójú sókè láti ibi ẹ̀rọ, ó wò mí lójú, ó sì ti mọ̀.

"O ti rí i," ó ní. "Nítorí tiẹ̀ mo gbàdúrà pé kó o má mọ̀ láéláé. Nítorí tèmi mo gbàdúrà pé kó o mọ̀. Jókòó. Mi ò ní fún ẹ lómi."

Fèrèsé wà ní igun ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹnì kan wà ní títú palẹ̀ níwájú ẹ̀. Irun ẹ̀ ti funfun ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ. Kò rẹ́rìn-ín.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ẹ̀dà kan wà nílé."

"Áà. Mi ò ronú kan ti ilé."

"Kí ló dé tí o ṣe é?"

Ó nu ọwọ́ ẹ̀. "Mo wò ẹ́ lọ́jọ́ ìsìnkú. O ò lè dá dúró, ìyá ẹ ló gbé ẹ ró. Mo ní tó bá mọ̀, kò ní gbé ẹ ró mọ́. Èmi náà sì ni mo ní ó dáa. Aṣọ ewé yẹn ni mo ń wò, mi ò wo ìlà."

"Mo máa sọ fún wọn," ni mo wí. Ẹkún ti gbà mí nígbà náà. "Fún ìyá mi, fún ọ̀gá, fún gbogbo wọn. Lónìí yìí."

"O ò ní sọ."

"Orúkọ ẹ ńkọ́?"

"Orúkọ mi ti bàjẹ́ tán. Tó o bá sọ ọ́, ìyá ẹ á pàdánù ọmọ, ọdún méje mi á sì ti ṣòfò. Má ṣèyẹn sí mi. O ti ṣe èyí tó tó."

"Jẹ́ ká fẹ́ra wa nígbà náà. Jẹ́ ká kúrò níbí, ìwọ àti èmi àti màmá."

Ìyá ẹ̀ dáwọ́ ẹ̀rọ dúró. Fèrèsé wò mí. Mo mọ ojú yẹn, bó ṣe máa ń wo iṣẹ́ tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe nìyẹn.

"Mo pè ẹ́ fún oṣù kan," ó ní. "Mi ò ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ. Mo kàn fẹ́ gbọ́ bóyá o ti jẹun. Lọ́jọ́ kejìlélọ́gbọ̀n mo jí, ọwọ́ mi ò wá fóònù mọ́. Mi ò bínú sí ẹ, Ìyá Bọ́tìnì. Mi ò kàn nífẹ̀ẹ́ ẹ mọ́ ni. Ohun tí mo ṣe nígbà tí mo nífẹ̀ẹ́ ẹ ni mò ń tọ́jú."

Ìyá ẹ̀ ṣí dúrọ́à ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mú òrùka mi láàárín bọ́tìnì àti òwú, ó gbé e síbi tí mo gbé e sí lọ́jọ́sí. "Gbé nǹkan ẹ," ó ní. "Ó ti ń dí mi lọ́wọ́."

Mo gbé e. Mo yà tẹ fọ́tò bàbá mi lójú ọ̀nà. Mo dé ilé, ìyá mi bi mí ibi tí mo lọ, mo ní mo lọ tẹ fọ́tò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a jókòó sídìí tábìlì, èmi, ẹ̀gbọ́n mi, àti ìyá mi. Fọ́tò bàbá mi ti wà lára ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi di ojú, ó gbàdúrà fún oúnjẹ, fún ìlera, fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá kan ọ̀kan yẹn.

"Ẹni tó kọ nǹkan tó pa ọkọ mi, Ọlọ́run, má jẹ́ kó rí ìsinmi. Má jẹ́ kó gbé ọmọ ara ẹ̀ jó."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣe àmín. Ìyá mi dúró. Ó la ojú kan, ó wò mí.

"Ṣé o ò gbọ́ àdúrà ni, ọmọ mi?"

"Mo gbọ́, màmá," ni mo wí. "Àmín."